Ọ̀rọ̀ Tí Masilamani Ń Pa Rẹ́

Ọdún kẹrin rèé tí Masilamani ti ń tún Gẹ̀ẹ́sì àwọn akọ̀ròyìn ṣe nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Madras, ní Íńdíà. Inú ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i nílé ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò; Tíṣà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kó kọjá lábẹ́ kálámù rẹ̀: paria, tí wọ́n fi ń pe ẹni tí àwùjọ ta nù. Orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ gan-an, tí wọ́n kà sí aláìmọ́ ní Íńdíà, ni àwọn Òyìnbó sọ di èébú bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́. Seshadri ọ̀gá rẹ̀ ló bá a gba yàrá nílé ẹ̀gbọ́n ìyá Seshadri fúnra rẹ̀, ní àdúgbò àwọn Brahmin, ẹ̀yà tí wọ́n gbé ga jù, níbi tí irú Masilamani ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ̀. Bí àṣírí bá tú, òun àti Ponni, ìyàwó rẹ̀ tó lóyún oṣù mẹ́jọ, ò ní sùn mọ́jú níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Seshadri to bébà mọ́kànlá sórí tábìlì.

"Tíṣà, ẹ wá wò ó. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá lẹ ti pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́. Àbí ó gba ìyàwó yín ni?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ náà ti ṣá, ọ̀gá. Gbogbo èèyàn ló ń lò ó."

"Ó dáa. Ẹ kọ àlàyé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, bí wọ́n ṣe ń lò ó bó ṣe tọ́, àti ibi tó ti wá. Kí n rí i kó tó di aago mẹ́rin."

Masilamani kọ irọ́, ó fà á ya. Ó wá kọ òótọ́:

"Ẹni tí wọ́n ta nù láìṣẹ̀ ni. Ẹ má fi pe òṣèlú tó kówó jẹ. Ìyẹn mọ ohun tó ṣe. Orúkọ àwọn èèyàn tó wà láàyè ni. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ èyí."

Seshadri kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kálámù ló fi ti bébà náà padà, kò fọwọ́ kàn án mọ́.

"O mọ̀wé kọ." Kò pè é ní "o" rí. "Àmọ́ o ti pẹ́ jù. Bébà mọ́kànlá yẹn ló jẹ́ kí n mọ irú ẹni tó o jẹ́; láàárọ̀ ni mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Òun àtàwọn ará àdúgbò ti lọ síbi yàrá rẹ láti—"

Masilamani ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó ti ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ponni nìkan ló wà ní yàrá wọn.