Ìdajì Ojú Tó Wà Lẹ́yìn Ife

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń ya àwòrán fún àwọn ènìyàn, mi ò sì tíì rí oníbàárà kan tó fẹ́ ojú ara rẹ̀. Ojú tó dára ju tirẹ̀ lọ ló ń fẹ́, àmọ́ kó ṣì jọ ọ́. Agbẹjọ́rò kan ní kí n bá òun dín ikùn kù. Mo dín in, ó ní ó ku díẹ̀. Mo tún dín in, ìyàwó rẹ̀ wá wò ó, ó ní ta ni ọkùnrin aláìsàn yìí. Obìnrin kan tó ń ta táyà ọkọ̀ ní kí n gbé òun gun ẹṣin. Mo bi í bóyá ó ti gun ẹṣin rí. Ó ní ṣé ẹṣin ló máa wá wo àwòrán náà ni. Mo gbé e gun ẹṣin.

Ọ̀dà olóròóró ni mo ń lò. Kì í yára gbẹ. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó ṣì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, nítorí náà àyè máa ń wà fún oníbàárà láti yí ọkàn padà, wọ́n sì máa ń lo àyè náà dáadáa. Ọkọ mi ní sùúrù gan-an ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe, pé àwòrán kàn ń bá a rìn ni. Ọkọ mi ò mọ̀ mí tó bó ṣe rò. Mi ò ní sùúrù. Ohun tí mo ní ni òfin kan. Ikùn àti ẹṣin, mo lè fi wọ́n ṣeré, ṣùgbọ́n tó bá di ojú ènìyàn, ohun tí mo bá rí ni mo ń kùn. Èyí tí mi ò bá rí, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kan wọlé wá bá mi pẹ̀lú fọ́tò kan ṣoṣo nínú àpò ìwé, òfin yẹn ni mo kọ́kọ́ kà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá fa fọ́tò náà yọ.

Bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìdágbére fún un ní ilé ìfìwéránṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀gá kan tó dúró níwájú gbé ife sókè láti kí i, ife náà sì bo ìdajì ojú bàbá náà láti ìpéǹpéjú dé àgbọ̀n. Ọ̀gá yẹn ní tirẹ̀ hàn kedere. Mo lè ka bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

"Òmíràn ńkọ́?"

"Kò sí, mà. Òrùlé wa ló jò sórí àpótí tí fọ́tò wà nínú ẹ̀. Gbogbo wọn lẹ̀ pọ̀, ó di búlọ́ọ̀kù."

"Ìwọ ọmọ wọn, ṣé o ò lè júwe wọn fún mi ni?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bú. "Mà, ta ló ń wo bàbá ẹ̀ lójú? Tí Dádì bá ń bá mi wí, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Bàtà wọn, mo lè júwe ẹ̀ fún yín títí dé okùn ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Mo ní kó lọ mú ìyá rẹ̀ wá, nítorí ìyàwó kì í wo ilẹ̀. Nígbà náà ló tó jókòó.

"Màmá ló ń gbàgbé," ó ní. "Kì í ṣe àìsàn, a ti ṣàyẹ̀wò. Wọ́n mọ ọjọ́ ìbí gbogbo wa, wọ́n mọ ibi tí gbogbo abẹ́rẹ́ ilé wà. Ojú Dádì nìkan ló ń lọ. Ọdún kẹrin tí Dádì kú nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n bi mí, jẹ́ẹ́ báyìí, bóyá Dádì ní irùngbọ̀n. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, mà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á di ojú, wọ́n á máa wá a."

Mo tún wo fọ́tò náà, inú sì bí mi sí ọ̀gá tó gbé ife. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìdajì ojú ò lè sọ bí ìdajì kejì ṣe rí, torí ọ̀tún àti òsì kì í dọ́gba lójú ẹnikẹ́ni. Mo bi í bóyá ẹbí wọn kankan jọ bàbá náà.

Ó ká etí àpò ìwé rẹ̀. "Àbúrò Dádì jọ wọ́n bí ẹni la èèyàn kan sí méjì," ó ní, "ṣùgbọ́n a kì í dárúkọ wọn nílé wa."

Káfíńtà ni àbúrò náà. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ló kan òrùlé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, òrùlé jò. Ẹ̀gbọ́n ní pákó tí àbúrò òun lò ni kò dára. Àbúrò ní páànù tí ẹ̀gbọ́n òun rà ni. Ọ̀rọ̀ pákó àti páànù yìí ni wọ́n ń fà títí ẹ̀gbọ́n fi ní kó má tẹ ilé òun mọ́, àbúrò náà sì ní ta ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ọmọlúàbí ni àwọn méjèèjì, wọ́n mú ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ.

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń rẹ́ pákó lọ́wọ́. Kí ó tó gbórí sókè ni mo ti mọ̀ ọ́n, torí ìdajì rẹ̀ wà nínú báàgì mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú yín ni mo wá yá."

Ó gbé ayùn kalẹ̀. "Fún ta ni?"

Mo ṣàlàyé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìdọ̀tí igi kúrò lápá rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n pẹ́ lẹ́yìn tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

"Ṣé ìyàwó wa ló rán yín?" ó ní. Ìyá nọ́ọ̀sì ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ní ọmọ-ọmọ, ìyàwó ni lẹ́nu àbúrò ọkọ rẹ̀ títí láé.

"Wọn ò mọ̀ rárá."

"Ẹ má jẹ́ kó mọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn ọkọ̀ kan ni mo dúró sí, mo sì ti lọ kí wọ́n tó yíjú. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo fẹ́ padà sílé yẹn. Mi ò kàn mọ ẹnu tí màá fi wọlé ni. Tí ojú mi bá wúlò fún un, ẹ lò ó."

Sátidé mẹ́ta ló fi jókòó fún mi. Ó le gbagidi lórí àga bíi pákó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fá. "Ẹ̀gbọ́n mi sanra jù mí lọ o," ó máa ń sọ. Màá ní mo ti gbọ́. Mo ń ya ọ̀tún láti inú fọ́tò, mo ń ya òsì láti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò kì í mí. Bí alààyè bá jókòó síwájú ayàwòrán, tí fọ́tò òkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀dọ̀ alààyè ni ojú ayàwòrán á máa sá lọ. Gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo ti fi kìlọ̀ fún ẹlòmíràn rí. Nígbà tí mo parí, inú mi dùn gan-an, mo kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà.

A gbé e lọ sílé wọn. Ìyá nọ́ọ̀sì ti wọ aṣọ tó dára, ó ti jókòó síwájú ògiri tí wọ́n fẹ́ gbé e kọ́. Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ kúrò lórí rẹ̀.

Ìyá wò ó. "Kí ni ọkùnrin yìí ń wá nínú ilé mi?"

"Màmá, Dádì ni."

"Bàbá ẹ ò ní àpá lókè ojú. Ìgbà tí ọkùnrin yìí ń kan òrùlé wa ni pákó já lù ú. Èmi ni mo fọ egbò ẹ̀."

Mo wo àwòrán náà. Àpá náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, lókè ojú òsì. Ká sọ tòótọ́, òun ni mo yà dáadáa jù. Ọwọ́ mi ti kùn ún láì bi mí léèrè. Kì í sì ṣe àpá nìkan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ káfíńtà tó gbẹ wà níbẹ̀, ẹnu káfíńtà tó tẹ̀ sísàlẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn òkú, mo fi wọ alààyè. Ojú tì mí. Nínú ọdún mẹ́rìnlélógún, ojú ò tì mí báyẹn rí. Mo fa aṣọ láti bò ó.

"Ẹ dúró," ìyá ní. Ó dìde, ó sún mọ́ ọn. "Ẹnu ọkọ mi ò tẹ̀ báyìí." Ó na ìka sí i. "Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Ó nípọn! Ó máa ń fi eyín há a tó bá ń kàwé."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nọ́ọ̀sì, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa wo ohun tó burú ju èyí lọ lójoojúmọ́, bú sẹ́kún. Mo ní kí ìyá máa sọ ọ́ lọ. Ó di ojú, kò rí nǹkan kan. Ó la ojú, ó wo àwòrán mi tó bàjẹ́, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọkọ òun kún ju èyí lọ. Ó tún di ojú, ojú ọkọ rẹ̀ tún sọnù. Àfi tó bá ń wo ojú tí kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀ ló ń rántí ti ọkọ rẹ̀.

"Àwòrán ò tó," ó ní. "Ẹ lọ mú ẹni yẹn gan-an wá."

"Síbí, Màmá?"

"Ta ló sọ pé síbí? Sí ibi iṣẹ́ wọn." Ó tọ́ka sí mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, àwọn méjèèjì wọ yàrá iṣẹ́ mi. Wọ́n kí mi dáadáa. Èmi nìkan ni wọ́n kí. Káfíńtà jókòó síwájú mi, ìyá jókòó sẹ́yìn mi.

"Ẹ sọ fún un kó yíjú sọ́tùn-ún."

Yàrá náà ò gùn ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Ó ti yíjú kí n tó la ẹnu, ṣùgbọ́n mo jíṣẹ́ náà, torí iṣẹ́ ni wọ́n rán mi.

"Etí ọkọ mi lẹ̀ mọ́ orí ju èyí lọ."

Mo fi ọ̀bẹ ha á kúrò, mo tún un yà.

"Ẹ sọ fún ìyàwó wa pé ọrùn ń dùn mí."

"Ẹ sọ fún un pé kó fara dà á. Ẹ tún bi í bóyá ó mọ̀ pé omi òrùlé ẹ̀ ló pa gbogbo fọ́tò mi."

Mo dúró de ọ̀rọ̀ páànù. Mo ti múra tán láti gbé e kọjá. Káfíńtà wo ilẹ̀.

"Ẹ sọ fún ìyàwó wa," ó ní, "pé pákó ni. Igi tútù ni mo lò. Ọjọ́ tí mo kàn án gan-an ni mo ti mọ̀."

Mi ò jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ìyá ní kí n yọ àpá yẹn kúrò, mo sì fi àkísà nù ún, ó lọ, torí ọ̀dà ò tíì gbẹ. Ó ní kí n fi ẹran kún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní kí ètè nípọn sí i, sí i díẹ̀, ó tó. Ó dìde dúró.

"Ẹ káàbọ̀," ó sọ fún àwòrán náà, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Lẹ́yìn náà ló wá kojú sí káfíńtà. Èmi ni mo wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n kò rán mi níṣẹ́ mọ́.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bínú sí yín. Mo ń fọ abọ́, ojú yín ni mò ń rí. Mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú yín ni. Ọkọ mi tí mo fẹ́ràn, mo gbàgbé ojú ẹ̀. Ẹ̀yin tí mò ń bínú sí, mi ò gbàgbé ibì kankan lára yín."

Káfíńtà tẹ orí ba. Àánú wọn ṣe mí, mo fẹ́ jáde fún wọn, ṣùgbọ́n káfíńtà ló wà lójú ọ̀nà.

"Adúmáadán," ìyá ní.

Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ rí. Orúkọ tí ìyàwó tuntun ń fún àwọn àbúrò ọkọ ni, torí kò gbọdọ̀ pe orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Ó ti tó ogójì ọdún tó ti fún un.

"Adúmáadán, ẹ gbórí sókè. Ìyàwó yín ò tíì wò yín tán."