Oúnjẹ Inú Ìgò

"Má tíì sọ̀ ọ́ o. Omi ṣì wà nínú rẹ̀," ni Yèyé wí láti orí àpótí tó jókòó lé.

Hamidat yọjú wo inú ìkòkò. Ata ń hó, òróró kò tíì léfòó. "Yèyé, ẹ ò tiẹ̀ wo ibí. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Etí ni mo fi ń gbọ́ ọ. Bí omi bá tán lára ata, ohùn rẹ̀ á yí padà."

Hamidat rẹ́rìn-ín, ó dín iná gáàsì kù. Ọjọ́ Sátidé ni, láti ìdájí ló sì ti wà ní ilé ìdáná. Ẹ̀wà tó yan ti ń tutù lórí atẹ, ó ku kí ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ pẹ̀lú edé àti ata gbígbẹ. Ó ti gún orúnlá, ó ti yọ egungun kúrò lára ẹja gbígbẹ. Ìgò mẹ́jọ tó ti bọ̀ nínú omi gbígbóná dorí kodò lórí aṣọ funfun.

Nọ́ọ̀sì ni Hamidat, ilé ìwòsàn kékeré kan ní Imeri ló ti ń ṣiṣẹ́. Àárọ̀ Àtìní ló ń lọ, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló ń dé. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, òun àti Yèyé, ìyá rẹ̀, nìkan ló kù nínú ilé wọn ní Ọ̀wọ̀. Ní oṣù tó kọjá, iná gáàsì ràn mọ́ ìró Yèyé níbi tó ti ń se ọbẹ̀, ó sì jó o lápá. Láti ọjọ́ náà, Hamidat kò jẹ́ kí ó dáná mọ́ bí òun kò bá sí nílé. Fíríìjì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe oúnjẹ tí kì í bàjẹ́ sínú ìgò lọ́sẹ̀ yìí: ata tó dín títí tí omi fi tán lára rẹ̀, àti ẹ̀wà lílọ̀ tó jẹ́ pé omi gbígbóná lásán ni Yèyé máa pò mọ́ ọn kó tó di ọbẹ̀. Ibtisam, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn, ló ti gbà láti máa gbé fúláàsì omi gbígbóná wá láràárọ̀.

"Wá jókòó díẹ̀," ni Yèyé wí.

"N ò tíì lọ ẹ̀wà, Yèyé."

Yèyé yíjú sí ìta, ó ń wo títì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní ọ̀sán Àlàrùba, Hamidat ń gún ọmọ kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ibtisam ni.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀. Yèyé ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. A ti gbé wọn dé ọsibítù. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ o, ẹ má bẹ̀rù."

Hamidat kò mọ bí òun ṣe gun ọ̀kadà dé ibi tó ti rí mọ́tò. Nígbà tó wọ wọ́ọ̀dù, omi ń kán sí Yèyé lára. Dókítà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kì í ṣe ibà. Ṣúgà ara wọn ló lọ sílẹ̀ gan-an. Ta ló ń fún màmá lóúnjẹ?"

"Èmi ni."

"Wọn kì í jẹ ẹ́."

Ìyá Yahya, aládùúgbò wọn tó bá wọn dé ọsibítù, gbọ́ ọ. "Ọmọ ọlọ́mọ lò ń wọ̀n lórí ìwọ̀n ní Imeri," ló wí, kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, "ebi sì ń pa ìyá tìẹ nílé." Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kù yíjú sí wọn.

Hamidat padà sílé láti lọ mú aṣọ Yèyé. Bó ti ń fa àpótí aṣọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọwọ́ rẹ̀ kan ìgò. Ó fà á jáde. Òmíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fà á, kò tán. Mẹ́rìnlélógún ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan péré ni a ti ṣí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Yèyé ń sọ fún un pé òun ti jẹ ẹ́ tán, pé àwọn ará àdúgbò ló tọrọ ìgò òfìfo, tí Hamidat sì ń ra tuntun. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín wọn, ó sunkún. Nígbà tó dìde, inú ló ń bí i.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí Yèyé máa lọ sílé. Kò tíì jókòó dáadáa tí Hamidat fi gbé ìgò kan ka iwájú rẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣe yín, Yèyé? Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò jẹ ẹ́? Kí lẹ ń jẹ?"

"Mo ń mu gaàrì." Yèyé ń fọwọ́ ra etí ìró rẹ̀. "Gaàrì kò bèèrè ẹnì kejì. Àmọ́ ata yìí, mo ṣí i lọ́jọ́ Àtìní àkọ́kọ́, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Mo wá wò ó pé èmi nìkan ni. Láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, n ò bu ọbẹ̀ fún ara mi nìkan rí. Mo ní kí n dé e padà, pé bí o bá dé a ó jọ jẹ ẹ́."

"Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń dé!"

"O ń dé. Bí o bá sì ti dé, tuntun lo tún ń sè. Ìwọ àti ìkòkò. Mo ní wá jókòó, o ní o ò tíì lọ ẹ̀wà."

Ìbínú Hamidat kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́. Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Yèyé fọwọ́ tún gèlè ọmọ rẹ̀ tó ṣí ṣe.

Ní ọjọ́ Sátidé yẹn, wọn kò dá iná ju èyí tí wọ́n fi se omi ẹ̀bà lọ. Ìgò méjì ni wọ́n ṣí, wọ́n sì jẹun títí tí wọ́n fi gbàgbé pé ọ̀sán ti pọ́n. Yèyé ń sọ ìtàn bí bàbá Hamidat ṣe máa ń fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ẹ̀bà. Láàárín ọ̀rọ̀, ó na ojú sí ìta.

"Ibtisam yẹn kì í jẹun ọ̀sán," ló wí. "Láti àárọ̀, ìdí ẹ̀rọ ni. Àwọn ìgò yìí, n ó máa gbé wọn lọ bá a."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Títì kan péré ni. Apá ni iná jó mi, kì í ṣe ẹsẹ̀."

Ní ọ̀sán Àtàlátà, Hamidat pe Yèyé láti Imeri, kò gbé fóònù. Ó tún pè é. Ó pe Ibtisam.

"Ẹ kú ọ̀sán, Àǹtí." Oúnjẹ kún ẹnu rẹ̀. "Wọ́n wà níbí, ilé ni wọ́n fi fóònù sí. Wọ́n ní bí mo bá tún fẹsẹ̀ kan ẹ̀rọ kí n tó jẹun tán, àwọn á yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ."

Yèyé gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. "Hamidat? Iyọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀wà rẹ yìí kù díẹ̀. Mo ti fi sí i."

"Ẹ ṣé, Yèyé."

"Ìwọ ńkọ́, o ti jẹun?"

"Rárá, ó ku àwọn ọmọ díẹ̀."

"Bí o bá ṣe tán, ta ló máa bá ọ jẹ ẹ́?"

Ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn Hamidat. Ó dá àwọn ìyá mẹ́rin tó kù lórí bẹ́ǹṣì lóhùn, ó fọ ọwọ́, ó gbé oúnjẹ rẹ̀, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Dominic, akọ̀wé àgbà tó ń tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kíkí nìkan ni wọ́n ń kí ara wọn.

"Bàbá, ẹ ti jẹun?"

Bàbá Dominic gbójú sókè. Ó wo abọ́ ọwọ́ Hamidat, ó wo ojú rẹ̀. Ó ti àwọn káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àyè sílẹ̀ lórí tábìlì.