Mo Ti Fọ̀pá Lé E Lọ́wọ́

Kí ló dé tó fi jẹ́ Àríkẹ́? Nínú gbogbo àwọn ọmọbìnrin tó wà lórí pápá, Àríkẹ́ ni Mùínàt nàka sí pé kó wá gbá pẹ́nárítì yìí? Àríkẹ́ tó gbá tọ̀sẹ̀ tó kọjá fo odi! Bọ́ọ̀lù yẹn ò tíì ti Thomas Estate padà dé títí di ìsinsìnyí…

Ọ̀mì la ṣì ń ta, ọ̀mì ò sì gbà wá. Bó bá wọlé, a gòkè sí líìgì ńlá. Bí kò bá wọlé — rárá, mi ò ní fẹnu ara mi sọ ọ́.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde tán lórí àga ọ̀gá àgbà tíìmù. Ọ̀gá àgbà! Èmi Akínbọ̀dé, tíṣà eré ìdárayá, tó fi bàtà kánfáàsì kan ṣoṣo kọ́ ọmọ káàkiri Ajah. Ọwọ́ mi ti wà nínú báàgì, ó ti di fèrè ilé-ìwé mú. Bí mo bá fun ún báyìí, Mùínàt á yíjú. Òun ni kóòṣì lónìí o, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọ.

“Wọ́n fi yín joyè àwòdì, ẹ ò lè gbádìẹ! Ẹ ní kó pààrọ̀ ọmọ yẹn jàre. Ṣé ó máa kọ̀ fún yín ni?” Alhaji Tìjání nìyẹn, olówó tíìmù, kò tíì pẹ́ tó sọ ọ́. Kò ní kọ̀. Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn, kò ní kọ̀ fún mi láéláé.

Nígbà tí mo ṣì ń sáré, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo máa ń sá nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin, tí a ti ń fọ̀pá léra wa lọ́wọ́. Ta ló ń ya ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní fọ́tò? Ẹni tó já rìbọ́nì ni wọ́n ń gbé léjìká. Ṣùgbọ́n mo mọṣẹ́ mi. Bí ẹni tó ti fọ̀pá sílẹ̀ bá yà sọ́nà ẹlòmíràn, tó dí i lọ́wọ́, wọ́n lè lé gbogbo yín dànù. Inú yanrìn, inú oòrùn, ni mo ti kọ́ Mùínàt náà: “Tó o bá ti fún un tán, dúró sọ́nà tìẹ. Má bá a sá a mọ́.”

“Yes, ma.”

Ẹ wò ó. Mùínàt ò gbójú sókè wá mi. Àríkẹ́ ló ń wò, ó rọra ń mi orí sí i… níbo ni mo ti rí ìwò yẹn rí? Ọmọ tó máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni Mùínàt, nígbà tí gbogbo ilé-ìwé ní kí n yọ ọ́ kúrò. “Àǹtí, kò lè sáré!” Mi ò yọ ọ́. Mo kàn ń wò ó, mo rọra ń mi orí…

Háà. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ.

Orí mi wú. Orí mi wú débi pé mo gbàgbé Alhaji.

Mo fi fèrè sílẹ̀, mo jókòó. Ní ìsàlẹ̀, ìyá Àríkẹ́ ti kúnlẹ̀ nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán. Àríkẹ́ ń fẹ̀yìn rìn kúrò nídìí bọ́ọ̀lù. Kó wọlé o, kó má wọlé o — Olúwa, jọ̀ọ́, kó wọlé! — ọmọ mi ló mú ọ̀pá dání, èmi sì wà lọ́nà tèmi.