Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Nínú Méjìdínlógójì

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Títílọpẹ́ ka ohun tí wọ́n fi ìṣó kọ sára sìmẹ́ǹtì sàréè náà kó tó dá a lójú. Oyèkúnlé. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta, ọdún yìí. Ó ṣí fáìlì ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú ìwé tó wà níbẹ̀. Oyèkúnlé kan náà ni: ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, àgbẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Níwájú orúkọ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi bírò kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ní oṣù kẹrin, ní oṣù kẹfà, ní oṣù kẹjọ: ó wà láàyè.

Ilé náà kò jìnnà sí ojú títì Ìbèṣè. Tírélà ń kọjá, eruku ń bà lé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń bà lé sàréè náà pẹ̀lú. Mọ́nsúrátù, opó Oyèkúnlé, gbé àga jáde, ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nù ún kí àlejò tó jókòó.

"Ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì tó máa ń pè," ó ní. "Mo ti mọ ohùn yín."

"Màmá, ẹ sọ fún mi pé wọ́n wà dáadáa. Nínú oṣù tó kọjá yìí, ẹ tún ní wọ́n ń kí mi."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ojú kò ti obìnrin náà rárá. "Ta ló ń túfọ̀ fún ènìyàn lórí fóònù? Mi ò mọ ibi tí ẹ jókòó sí. Ẹ lè máa wa mọ́tò lọ́wọ́, ẹ lè lóyún sínú. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ní ẹ ó wá lọ́jọ́ kan, ẹ ó sì rí i fúnra yín."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo sì ń retí yín. Kí n má purọ́ fún yín, ó ń wù mí kí ẹ máa pè. Gbogbo ayé ti dẹ́kun bíbéèrè wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣì ń béèrè bóyá wọ́n jẹun, bóyá ẹsẹ̀ wọn wú."

Títílọpẹ́ kí i kú ìrọ́jú, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ó sì padà sídìí ọ̀kadà tó háyà láti òwúrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ilé ìwòsàn tí Títílọpẹ́ ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ń ṣe ìwádìí lórí àwọn tí ọkàn wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì rí, àti àwọn tí tiwọn ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn dókítà fẹ́ mọ iye tó máa ṣẹ́kù lẹ́yìn ọdún kan, bí wọ́n bá ń lo oògùn déédéé, tí nọ́ọ̀sì sì ń pè wọ́n lóṣù méjì-méjì. Ènìyàn méjìdínlógójì ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Mẹ́rin kú nínú wọ́ọ̀dù, lójú gbogbo wọn. Àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó kù lọ sílé, gbogbo wọn sì wà láàyè lórí fóònù. Inú ọ̀gá àgbà dùn. Ó kàn ní kí wọ́n tó kọ ìwé ìwádìí náà jáde, kí nọ́ọ̀sì lọ fi ojú kan ẹni kọ̀ọ̀kan, kó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí wọ́n sì tẹ̀ka. Ìyẹn ló gbé e dé ojú sàréè láàárọ̀ yẹn.

Ẹ má ṣe ní kò mọ àṣà. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé a kì í ṣàdédé túfọ̀ fún ènìyàn? Ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ti wọ aṣọ funfun, tó mú bírò lọ́wọ́, ó máa ń rò pé àṣà ti yà fún òun.

Ní ilé kejì, wọ́n ti ṣe ogójì ọjọ́ bàbá náà tán. Ní ilé kẹta, ọkùnrin kan jókòó sórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kò lè dùbúlẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Títílọpẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Nígbà tó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀, ìka náà wọlé, ojú ibẹ̀ kò sì padà. Ní ilé kẹrin, kò sẹ́nikẹ́ni. Aládùúgbò ló na ọwọ́ sí sàréè tó wà lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tó dé Àfọ̀n, níbi tó ti ń wá obìnrin kan tó ń jẹ́ Dinah. Ọmọ rẹ̀, Ìdùnnúolúwa, ló bá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kí Títílọpẹ́ tó sọ ohun tó bá wá, ọmọbìnrin náà ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Oṣù karùn-ún ni Màmá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kútọnu kò tíì gbọ́. Ọmọ ìkókó wà lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé e jáde. A ń wá àgbàlagbà tó máa lọ bá wọn níbẹ̀."

"Ìwọ lò ń gbé fóònù nígbà tí mo bá pè?"

"Èmi ni. Ẹnu kì í pẹ́ dé Kútọnu, nọ́ọ̀sì. Tí mo bá sọ fún yín, ta ni ẹ̀yin náà máa sọ fún?"

Títílọpẹ́ bọ́ sórí ọ̀kadà, ó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sí Ayétòrò, sílé bàbá òun. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ta ló wá purọ́ níbí? Títílọpẹ́ wá òpùrọ́ náà títí lójú ọ̀nà, kò rí i. Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan ló rí.

Kì bá tilẹ̀ dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ká ní ìwé ìwádìí nìkan ló bàjẹ́. Àìsàn yìí gan-an ló ń ṣe bàbá rẹ̀, Ọdẹkúnlé káfíńtà. Ní oṣù karùn-ún, Olútáyọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé mọ́tò wá láti Abẹ́òkúta, ó ní Bàbá gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ọkàn ní Ìbàdàn. Wọ́n ti di ẹrù sínú bùútù. Títílọpẹ́ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ó wí lọ́jọ́ náà. "Oògùn tiwa náà ń ṣiṣẹ́. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú méjìdínlógójì ló ṣì wà láàyè. Èmi ni mo kà wọ́n." Bàbá gbà fún un, ó ní ohun tí Títí bá wí ni òun máa ṣe. Olútáyọ̀ tú ẹrù. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, Bàbá á béèrè mélòó ló kù, Títílọpẹ́ á dá a lóhùn, Bàbá á sì gbé oògùn rẹ̀ mì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà wo itan rẹ̀ tó ti wú, ó ní ọkàn náà ti gbó kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe.

Lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti bá Bàbá, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Pákó ìrókò tí Bàbá kò lágbára láti fá mọ́ wà ní ìdúró lára ògiri. Ó kúnlẹ̀, ó kí i.

"O dé," ni Bàbá wí. Ó mí. "Mélòó ló kù?"

Ó ti pinnu láti ojú ọ̀nà pé iye kan náà lòun máa dá lóhùn. Ẹnu rẹ̀ kò gbé e.

"Márùn-ún ni mo lọ wò lónìí, Bàbá. Mẹ́rin ti kú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kú."

Bàbá kò ṣe háà. "Mo rò bẹ́ẹ̀," ó ní.

"Báwo lẹ ṣe rò bẹ́ẹ̀?"

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kan pósí nílùú yìí. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí mi rí pé ènìyàn kú." Ó dúró, ó gba èémí. "Wọ́n á ní, 'Káfíńtà, ẹ mú téèpù yín, ẹ máa bọ̀.' O wá ní wọ́n á sọ fún ọ lórí fóònù."

"Ẹ mọ̀ lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n wá? Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tú ẹrù?"

"Inú rẹ dùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà, Títí. Mo ní kí n má bà á jẹ́ fún ọ."

Títílọpẹ́ sunkún. Kò fi pamọ́, Bàbá kò sì ní kó dákẹ́. Nígbà tó rí ohùn, ó ní òun máa pe Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n gbéra lọ sí Ìbàdàn lọ́la, kódà lónìí.

"Ìbàdàn ti kọjá." Ó fi àgbọ̀n júwe yàrá. "Téèpù wà nínú àpótí irinṣẹ́. Mú un wá nígbà tí mo ṣì lè dúró."

Ó mú un wá. Kí ló kù tó lè bá a jiyàn lé lórí? Bàbá di férémù ilẹ̀kùn mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tó bó ṣe lè nà án. Títílọpẹ́ tẹ orí téèpù mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ tó wú, ó fà á gòkè, ó gba ìbàdí, ó gba èjìká tó ń gbọ̀n, ó dé àtàrí. Ibẹ̀ ló ti yé e. Láti oṣù karùn-ún, òun rò pé òun ń fi mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yẹn gbé bàbá òun ró. Bàbá ló ń gbé e mì lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oògùn, nítorí òun. Nínú àwọn méjèèjì, òun nìkan ló gbà á gbọ́.

"Kà á sókè," ni Bàbá wí.

"Ẹsẹ̀ márùn-ún, íǹṣì mẹ́fà."

"Fi íǹṣì méjì kún un fún pósí. Ó dá ọ lójú?"

Títílọpẹ́ tún tẹ orí téèpù mọ́lẹ̀, ó tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá sì dúró dè é.