Ẹnu Ara Rẹ̀ Ló Fi Sọ Ọ́

Jẹ́jẹ́ ni àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí pé bó bá ń kan ìṣó mọ́ pákó, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń bẹ pákó náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìwé ilé ẹjọ́ wá pè ní oníjàgídíjàgan tó ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ẹ bá mi rò ó wò.

Àwọn méjì ló gbéná wojú ara wọn níbi iṣẹ́, Jẹ́jẹ́ sì bọ́ sáàárín láti là wọ́n. Ọ̀kan ṣubú lu tábìlì, apá rẹ̀ kán. Ẹni tó tì í ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni tó làjà ni ọlọ́pàá bá nílẹ̀, ẹni tó fara pa sì ní òun ò mọ ẹni tó ti òun.

Màmá rẹ̀ lọ bá a ní àgọ́ ọlọ́pàá kó tó di pé wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́. Kò sí ìjà àdúgbò tí ìyá yìí kì í parí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì mọ̀: kí ẹni tó kéré bẹ̀bẹ̀, ì báà jàre.

"Ọmọ mi, má bá wọn janpata," ó ní. "Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ṣáà sọ pé o jẹ̀bi, kí wọ́n má bínú, ká máa lọ sílé."

Jẹ́jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ bi í léraléra bóyá ó mọ ohun tó ń sọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n kìlọ̀ fún un, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Ìyá jó dé ẹnu ọ̀nà. Aláìmọ̀kan ni wọ́n, ìyá tọmọ. Ẹjọ́ tí àgbà bá parí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó parí nìyẹn. Ti ilé ẹjọ́ ń wọ inú ìwé lọ ni, á sì máa dúró deni níbẹ̀.

Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ obìnrin kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Baba ọmọ ti sọnù tipẹ́. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí gbà á sọ́dọ̀ títí ẹbí yóò fi wá mú un. Jẹ́jẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì kékeré, ó fi sáńpépà ha á títí kò fi sí ibi tó lè gún ọmọ. Obìnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wá wo yàrá náà, ó yìn ín. Lẹ́yìn náà ló rí orúkọ Jẹ́jẹ́ nínú ìwé ilé ẹjọ́, ó pe òun àti màmá rẹ̀, ó ní òfin ò gbà kí a fa ọmọ lé ẹni tó ti ṣe ènìyàn léṣe lọ́wọ́. Màmá ní kí wọ́n kúkú fà á lé òun. Wọ́n ní ojú ìyá ti ń ṣe bàìbàì, inú ilé kan náà sì ni òun àti Jẹ́jẹ́ ń gbé.

Wọ́n lọ bá lọ́yà kan. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kì í purọ́ fúnni, ìyẹn gan-an ló ń dunni lára rẹ̀.

"Ká ní ẹ sọ nígbà yẹn pé ẹ ò jẹ̀bi ni, wọn ì bá wá ẹlẹ́rìí," ó ní. "Àsìkò àtipe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ti kọjá. Ẹnu ara yín lẹ fi sọ ọ́, sà."

"Mo kàn ń bẹ̀ wọ́n ni."

"Mo mọ̀. Adájọ́ ò mọ̀."

Ó ní ọ̀nà kan ló kù, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń dárí ji àwọn tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́ ti ẹni tó bá ní òun ò ṣe é. Àfi kó gbà pé òun ṣe é, kí wọ́n sì rí i pé ó ti ronú pìwà dà. Màmá ò lè wo ojú ọmọ rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀, ó ní òun lòun ṣe é. Wọ́n ní báwo? Ọwọ́ wo lo fi tì í? Kí ló bí ọ nínú? Báwo ló ṣe rí lára rẹ nígbà tí apá náà kán? Òógùn bò ó. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni, ó tún ní ọwọ́ méjèèjì ni. Irọ́ ò mọ́ ọn lára, bọ́rọ̀ sì ṣe rí nìyẹn. Olórí wọn pa fáìlì dé, ó ní ẹni tó ronú pìwà dà kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó há a sórí, kó padà wá nígbà tó bá ṣe tán láti sọ òótọ́.

Ìdílé kan ní ìlú mìíràn ló gba ọmọ náà. Wọ́n jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ wá dágbére fún un ní pálọ̀ ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí, obìnrin tó wá wo yàrá lọ́jọ́sí dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bọ̀dá mi, wọ́n ní ẹ ṣẹ́ ẹnì kan lápá."

"Mi ò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lápá."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

Ì bá purọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé irọ́ ò mọ́ ọn lára. "Mo ní èmi ni mo ṣe é."

Ọmọ náà rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ò bá kàn sọ fún mi pé ẹ ò fẹ́ kí n wá gbé lọ́dọ̀ yín."

 Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀, ó lọ bá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà.