Ẹ̀rí tí Agathe jẹ́ lórí Clémence Olóhùn-Oyin

Ọjọ́ tí rédíò kéde pé Clémence Olóhùn-Oyin kú, gbágùúdá ni Agathe ń bó nínú àgbàlá ìyá rẹ̀ ní Kétu. Ọwọ́ òsì ló fi di ọ̀bẹ mú, nítorí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká kò bí ewé tí iná rà. Ọdún kẹrin òmìnira Dàhòmì nìyẹn. Ilé kẹta sí tiwọn ni rédíò náà wà, ṣùgbọ́n kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹkún ti dé. Ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀hìndèmí, káwọ́ lérí.

"Yéè! Agathe, ọ̀gá ẹ ti lọ!"

Agathe fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wá omijé, kò rí. Ó wá ayọ̀, kò rí ìyẹn náà. Ó tún mú ọ̀bẹ, ó ń bó gbágùúdá rẹ̀ lọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Clémence. Kí àwọn òyìnbó tó kó ẹrù wọn lọ ló ti dé Paris, tó kọrin níbẹ̀, tó sì ṣe sinimá mẹ́ta. Nígbà tí ọkọ̀ sinimá bá wá sí Kétu, tí wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ara ògiri ilé-ìwé, àwọn ará Idigny á fi oko sílẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wá. Àwọn àgbà tí kò gbọ́ ẹyọ Faransé kan á máa sunkún níbi tí Clémence bá ti sunkún. Ilé obìnrin yìí ní Kùtọnú ni Agathe ti ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ fún ọdún mẹ́fà, kó tó padà wálé pẹ̀lú ọwọ́ kan.

Alẹ́ ọjọ́ tó dé ló ti ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ṣẹ̀hìndèmí sọ fún àwọn aládùúgbò pé iná ló mú aṣọ Clémence, pé ọwọ́ ni ọmọ òun fi pa iná náà. "Ọwọ́ ọmọ mi ni Clémence fi wà láyé," bó ṣe ń wí nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, wọn kì í jẹ́ kí Ṣẹ̀hìndèmí dúró lórí ìlà nídìí kànga mọ́. Ní Kétu tí kànga ti jìn, tí okùn ti gùn, tí obìnrin ń fi àárọ̀ kùtù jìjàdù omi, ọlá ńlá ni. Agathe wo bí ìyá rẹ̀ ṣe ń gbé ìkòkò kọjá níwájú gbogbo wọn, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn tí ikú náà ṣẹlẹ̀, àwọn olólùfẹ́ Clémence pé sí ọgbà ilé-ìwé lẹ́yìn ìsìn. Olùkọ́ Gaston ni olórí wọn. Ó gbé fọ́tò Clémence sórí àga, ó sì fi aṣọ funfun yí i ká. Babalọlá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe dìde, ó ní òun fẹsẹ̀ rìn dé Pobè nítorí sinimá kejì, pé èékánná ẹsẹ̀ méjì òun ṣí kúrò, òun kò sì mọ̀ títí sinimá fi parí. Àyìsátù gbé ọmọbìnrin rẹ̀ sókè, ó ní orúkọ Clémence lòun sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí lòun. Gaston gbé orin kan, gbogbo ọgbà gbè é. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí Agathe.

"Àwa rí i lára aṣọ funfun. Ìwọ rí i lójúkorojú. Dìde, kí o sọ bí ọwọ́ rẹ ṣe rí bẹ́ẹ̀."

Agathe dìde. Kò gbèrò láti sọ òtítọ́. Irọ́ ìyá rẹ̀ ti wà létè rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ojú fọ́tò náà ń rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín kan náà tó mọ̀ dáadáa.

"Iná kò mú Màdáàmù rí," ó wí. "Aṣọ ni mò ń lọ. Mò ń kọ ọ̀kan nínú orin wọn. Àlejò wà ní pálọ̀, wọ́n ń dúró de Màdáàmù. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ohùn Màdáàmù ti dára sí i, wọn kò mọ̀ pé èmi ni. Màdáàmù wọlé tọ̀ mí wá. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e. Wọ́n ní kí n máa kọ orin náà lọ, pé bí mo bá dákẹ́, àwọn kò ní gbé e kúrò."

Ẹnìkan húkọ́.

"Ṣé o kọ ọ́?" Ohùn ọmọdé kan ló bèèrè.

"Mo kọ ọ́ tán."

Babalọlá ló kọ́kọ́ kígbe pé irọ́ ni. Àyìsátù bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì là á mọ́ Agathe létí. Gaston ò pariwo. Ó kàn bèèrè pé, "Ta ló rán ọ sí òkú?" Èyí ló bí àwọn èèyàn nínú ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí ó jọ pé òótọ́ ni wọ́n rán an. Wọ́n tutọ́ sí i lára. Ìyá rẹ̀ já àárín èrò kọjá, Agathe sì rò pé ó ń bọ̀ wá gba òun ni. Ṣẹ̀hìndèmí gbá a létí kejì.

"Ẹ má dá a lóhùn," ó wí fún wọn. "Ìrora ọwọ́ ti da orí ọmọ mi rú."

Láti ọjọ́ kejì, kò sí omi fún ilé Ṣẹ̀hìndèmí mọ́. Bí ó bá dé ìdí kànga, ìlà á gùn sí i níwájú rẹ̀. Bí ó bá pọn, ẹnìkan á ṣèèṣì fi ìdí gbá ìkòkò rẹ̀ dànù. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gé okùn rẹ̀ sí méjì, korobá já sínú kànga, àwọn obìnrin sì fi ẹ̀rín yẹ̀yẹ́ tẹ̀lé e délé. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún wá ń lọ pọn omi àbàtà tí màlúù ń mu. Ó bu igbá kan, ó gbé e síwájú Agathe. Omi náà rí bí ẹ̀kọ ọkà-bàbà.

"Òtítọ́ ẹ nìyí. Mu ún."

Agathe mu ún.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ Clémence kù sí dẹ̀dẹ̀, Gaston wá sílé. Ó jókòó, ó kí ìyá, ó kí ọmọ.

"Agathe, kò sẹ́ni tó ní kí o purọ́. Ohun tí ìyá rẹ sọ fún wa ni kí o sọ."

Lọ́jọ́ ogójì náà, Agathe sọ ọ́. Lórí eékún ni, níwájú fọ́tò náà, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àyìsátù tó là á ní bàtà ló gbé e dìde, ó ń nu ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pọn omi.

Ó di ohun ọdọọdún. Lọ́dún kejì, Agathe fi òórùn aṣọ sẹ́dà tó ń jóná kún un. Lọ́dún kẹta, ó ti mọ ibi tó yẹ kóun ti sunkún, omijé sì ń wá nígbà tó bá pè é. Ibi tó sì burú sí ni pé, bí ó bá ń sọ ọ́, inú rẹ̀ ń dùn díẹ̀.

Ọdún kẹta yìí ni àbúrò Clémence, Madeleine, gbọ́ nípa ayẹyẹ náà, ó sì fi mọ́tò dúdú wá láti Kùtọnú. Agathe mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wà lára àwọn tó jókòó ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Òun ló ti ilẹ̀kùn. Madeleine gbọ́ ìtàn náà dópin, ó dìde, ó gbá ọwọ́ kíká yẹn mú, ó fẹnu kò ó níwájú gbogbo Kétu. Àwọn èèyàn bú sẹ́kún. Ó wá sọ sí i létí pé, "Ẹnu ẹ mà dùn o, Agathe."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Ṣẹ̀hìndèmí, ó ní irú ilé tó bí olóòótọ́ báyìí lòun fẹ́ mú ọmọ-ọ̀dọ̀ láti inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára Rosalie, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ̀gbọ́n Agathe bí kó tó kú. Kí Agathe tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Agathe ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́ ara rẹ̀ àti Rosalie. Ọmọ náà ń to aṣọ sínú àpótí.

"Rosalie, má lọ. Iná kọ́ ló jó mi. Clémence ló gbé áyọ́ọ̀nù lé mi lọ́wọ́, obìnrin tó ń dúró dè ọ́ níta yìí ló sì ti ilẹ̀kùn kí ìlú má bàa gbọ́ igbe mi."

Rosalie gbé ojú sókè, ó wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Tàntí, ṣé ẹ ò fẹ́ kí èmi náà di èèyàn ni? Lánàá yìí lẹ sunkún nítorí Clémence lójú gbogbo ìlú."

"Irọ́ ni mò ń pa lánàá."

"Èwo wá ni kí n gbà gbọ́? Èyí tẹ́ ẹ ti sọ láti ọdún mẹ́ta, àbí èyí tẹ́ ẹ ń sọ nítorí pé Màdáàmù Madeleine yàn mí?" Ó ti àpótí rẹ̀ pa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ wọn."

Agathe di apá rẹ̀ mú. Ọwọ́ kíká kò lè di nǹkan mú dáadáa. Rosalie yọ ara rẹ̀, ó gbé àpótí lérí, ó jáde.

Níta, ìyá ń wúre, Gaston ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, Madeleine sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọmọ náà lè jókòó. Mọ́tò náà lọ. Eruku pupa bo ẹnu ọ̀nà mọ́lẹ̀. Àyìsátù wá dúró ti Agathe, ó gbá a léjìká.

"Orí ilé yín mà sàn o, Agathe. Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀."

Agathe wo ọ̀nà títí. Àwọn èèyàn sì ń wò ó, wọ́n ń retí ohun tó máa sọ.

"Àmín," ó wí.