Ìlà Kẹrin Tó Wà Lódìkejì Odò

Bí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Théodule, ojú yín á ká gbogbo párìṣì náà, ìyẹn gbogbo àdúgbò tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún, tán. Ilẹ̀ oníkálukú tín-ínrín, ó sì gùn gbọọrọ láti ẹsẹ̀ ọ̀nà dé orí òkè, ọ̀kan sùn ti èkejì. Ilé gbogbo kọjú sí ọ̀nà, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilé rẹ̀ ni a sì ń pè ní ìlà. Ìlà Kìíní, Kejì àti Kẹta wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tò jẹ́jẹ́. Ìlà Kẹrin nìkan ló dá wà lódìkejì odò Brochet. Ọ̀gá kan ló jókòó sí ìlú ńlá nígbà láéláé, ó fi rúlà pín ilẹ̀ lórí bébà, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá omi wà níbẹ̀.

Ìlà Kẹrin yìí gan-an ni Léandre Castonguay ń gbé, òun sì ni olórí ìgbìmọ̀ párìṣì náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e lọ sípàdé. Nígbà òtútù, odò á dì gbagidi. Léandre á wá gé igi sapin kéékèèké, á rì wọ́n mọ́ ojú omi dídì náà ní ọ̀wọ́ méjì, kí ẹṣin má baà ṣìnà bí ìjì bá ń fẹ́ yìnyín. Kò sẹ́ni tó ń rì í gún bíi tirẹ̀, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí òtútù bá ń lọ ni wàhálà máa ń dé. Omi dídì náà á máa yọ́, kò ní lè gbé ẹsẹ̀ ènìyàn mọ́, ọkọ̀ náà kò sì ní rọ́nà gbà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ti inú igbó, tó lọ sí Sainte-Olympe, párìṣì tó múlé gbè wọ́n. Àwọn ará Sainte-Olympe ti da òkúta wẹ́wẹ́ sójú ọ̀nà tiwọn dé ìdí òpó ààlà. Láti ìdí òpó náà dé Ìlà Kẹrin, ẹrẹ̀ tó ń mu ẹṣin dé ikùn ni. Sainte-Olympe kò lè tún ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe, kẹ̀kẹ́ ẹrù Saint-Théodule kò sì lè kọjá odò wá tún un ṣe.

Irú ìgbà yẹn ni Ìyá Exilda Bérubé, ará Ìlà Kẹrin, kú lọ́dún tó kọjá. Fadá Sainte-Olympe tó ń bọ̀ wá gbàdúrà ìkẹyìn fún un há sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn òpó ààlà. Fadá tiwọn náà dúró sí etí odò lọ́hùn-ún, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń ké àdúrà ìdáríjì kọjá lórí omi. Léandre ló ń sáré láti etí odò dé ìdí ibùsùn Exilda.

"Ṣé fadá ti dé?" Exilda bi í.

"Wọ́n ti dé, Ìyá."

Kò sọ fún un pé omi wà láàárín. Láti ọjọ́ náà ni ìdáhùn yẹn ti ń dà á láàmú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ará Ìlà Kẹrin ní àwọn fẹ́ bọ́ sábẹ́ Sainte-Olympe. Ọwọ́ ìgbìmọ̀ Léandre ni àṣẹ rẹ̀ yóò ti kọ́kọ́ jáde. Tí wọ́n bá gbà, ilé Léandre náà bá wọn lọ nìyẹn, kò lè ṣe olórí mọ́. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni Adrienne, ìyàwó rẹ̀, tó sùn sí itẹ́ òkú Saint-Théodule. Àwọn ọmọ párìṣì nìkan ni wọ́n ń sin síbẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún Adrienne pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni òun yóò sùn sí, àyè náà sì wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìpàdé, Blandine, ọ̀dọ́ ìyàwó ilé kan tó wà nílé kejì, gbé búrẹ́dì gbígbóná wá fún un. Oyún wà nínú rẹ̀, ìgbà tí odò bá ń yọ́ ló sì máa bí i.

"Bàbá Léandre, ẹ má torí tèmi ṣe ohunkóhun o," Blandine wí. "Mo ti ń bẹ ọmọ náà pé kó dúró títí ọkọ̀ á fi rọ́nà gbà."

"Kí ló wí?"

"Tó bá ń gbọ́ràn bíi bàbá rẹ̀, a jẹ́ pé mo wọ gàù."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Blandine lọ tán, Léandre kò lè jẹ búrẹ́dì náà.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ìgbìmọ̀ ti ń ṣèpàdé nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí oníkálukú bá ti fún wàrà màlúù rẹ̀ tán. Àwọn mẹ́fà ló ń dìbò. Olórí kì í dì í, àfi bí ọ̀rọ̀ bá dọ́gba. Ọwọ́ Léandre kò gòkè rí, nítorí wọ́n á máa jiyàn títí ẹnì kan á fi yí ọkàn padà. Ó máa ń fi ìyẹn yangàn.

Lọ́jọ́ yìí, kò sẹ́ni tó jiyàn. Àwọn mẹ́ta gbà, àwọn mẹ́ta kọ̀. Philémon Thivierge, tó ń ṣe wàràkàṣì, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Léandre láti kékeré, ló ṣáájú àwọn tó kọ̀. Ó ṣẹ́jú sí Léandre.

"Olórí, ọwọ́ yín ló kù," akọ̀wé wí.

"Òfin ni o," Philémon wí. "Tètè sọ ọ́, ká lọ sùn."

Ìgbà náà ló yé Léandre. Wọ́n ti sọ ọ́ láàárín ara wọn pé kí ọ̀rọ̀ dọ́gba, kí ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ kọ̀, kó sì wà ní Saint-Théodule. Ẹ̀bùn ọ̀rẹ́ ni. Inú bí i, omi sì lé sí i lójú. Ó rántí àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adrienne. Ó rántí Exilda tó ń bèèrè fadá.

"Kí Ìlà Kẹrin máa lọ," ó wí.

Philémon fò dìde. "Léandre! Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ara ẹ lo ń lé jáde yìí!"

"Mo mọ̀."

"Adrienne ńkọ́?"

Léandre mú fìlà rẹ̀. "Adrienne ò bá mi jà rí, àfi tí mo bá kó ẹrẹ̀ wọlé. Ẹrẹ̀ yẹn náà sì ni mo ń bá jà báyìí."

Ó wọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó sì sunkún dé etí odò lódìkejì.

Kí ilẹ̀ tó dì fún òtútù, òkúta wẹ́wẹ́ Sainte-Olympe ti dé ẹnu ọ̀nà Blandine. Wọ́n fi Philémon ṣe olórí. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, kò wá kí Léandre, Léandre náà kò sì ránṣẹ́ sí i.

Nígbà tí odò dì, Léandre gbé igi sapin rẹ̀ jáde bó ti máa ń ṣe. Ó rì wọ́n títí dé àárín odò, ó wá dúró. Ibẹ̀ ni ààlà wà báyìí. Ó fọwọ́ lẹ́rán, kò mọ̀ bóyá kí òun máa lọ tàbí kí òun padà. Ó gbójú sókè, ó rí Philémon tó ń wọ́ igi bọ̀ láti òdìkejì, tó ń rì wọ́n ní wọ́gọwọ̀gọ.

"Igi ẹ wọ́," Léandre wí.

"Ta ló bi ẹ́, ará Sainte-Olympe?"

Wọ́n jọ tan páìpù tábà wọn. Philémon ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Mo ti lọ bá fadá àtàwọn alábòójútó itẹ́ òkú. A fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá wí?"

"Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan àyè yẹn. Tìẹ ni."

Léandre ṣí fìlà lórí.

"Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀ kan," Philémon wí. "Jọ̀ọ́, má kú nígbà tí odò bá ń yọ́. Mi ò lè gbé ẹ gba Sainte-Olympe yí po. Ìgbà òtútù ni kó o kú, kí n lè gbé ẹ gba àárín igi wọ̀nyí."

Léandre rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọjá ààlà, ó fa igi tí Philémon rì kẹ́yìn tu, ó sì nà án sí i.

"Tún un rì dáadáa," ó wí. "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ṣìnà lọ́jọ́ náà."